Nígbà Tí Olùbéèrè Kò Sí Nínú Yàrá

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan nítòsí Abuja, mo sì ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń rí nígbà tí wọ́n bá lọ ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn 60 tí mo yàn fọ́nká láti Kuje dé Suleja àti Keffi, n kò sì lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Mo gbọ́ pé sọ́fítíwíà wà tí mo lè kọ ìbéèrè sí, tí olúkúlùkù yóò sì fi fóònù rẹ̀ ká ìdáhùn sílẹ̀ ní fídíò nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èwo ni kí n rà? Ṣé àwọn olùyẹ̀wò mi yóò gbà pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni? Ọkọ mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan, tún fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu fún àwọn ọmọ JSS 2.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí, ìyáàfin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ohunkóhun, nítorí orúkọ sọ́fítíwíà ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, olùbéèrè wà níbẹ̀. Bí ìbéèrè kò bá yé ènìyàn, yóò tún un sọ lọ́nà mìíràn. Bí iná bá lọ, yóò dúró. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń dáhùn tí ó sì kábàámọ̀, yóò ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, olùbéèrè yóò rí i lójú rẹ̀. Nínú irú èyí tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ti jáde kúrò nínú yàrá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ìbá ṣe níbẹ̀, yálà sọ́fítíwíà ni yóò bá yín ṣe é, tàbí ọ̀nà tí ẹ gbà gbé ìbéèrè yín kalẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ rí ṣe rárá. Ohun tí mo fi ń wọn sọ́fítíwíà èyíkéyìí nìyẹn: kí ni ó ń ṣe nígbà tí olùbéèrè kò sí? Àwọ̀ tó dára, àmì ilé-iṣẹ́ yín lókè ojú ìwé, orin tó ń dún níbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nyí kò kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí dátà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ irú èyí ti ń kú. Ká ní ìbéèrè márùn-ún ni ẹ ní, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15 ni fún ènìyàn kan, ó sì di wákàtí 15 fún gbogbo àwọn 60. Bí sọ́fítíwíà náà bá ń ká fídíò ní ìwọ̀n mílíọ̀nù bíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi megabáìtì (MB) 7.5, ìyẹn ni pé olùdáhùn kan yóò ní ohun tó lé ní 110 MB láti fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 2.5, ó di nǹkan bíi 280 MB. Bí ẹ bá sì ní kí wọ́n kàn fi kámẹ́rà fóònù wọn ká a bí ó ṣe wà, ní 1080p tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lè lé ní 100 MB. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohùn nìkan, tí a ká a ní ìwọ̀n tó mọ, gbogbo ìṣẹ́jú 15 náà kò ní pé 3 MB. Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí dáadáa kí ẹ tó sọ pé fídíò ni dandan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti Mararaba lọ sí ibi TP rẹ̀ kò ní wá sọ fún yín pé òun kò lè ná dátà ọ̀sẹ̀ kan lórí ìwádìí yín. Yóò kàn dákẹ́ ni, ẹ̀yin yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nífẹ̀ẹ́ sí i. Ẹ fi owó dátà sínú ètò ìnáwó yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá parí, ó ti pẹ́ jù.

Ìwọ̀n dátà kọ́ ni ó tilẹ̀ burú jù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń já ni. Oríṣi sọ́fítíwíà méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń tọ́jú ìdáhùn sórí fóònù fúnra rẹ̀, a sì máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí ó ti fi ìlàjì ránṣẹ́, láti ibẹ̀ ni yóò ti tẹ̀ síwájú nígbà tí ó bá padà dé. Èkejì máa ń kó ohun gbogbo sínú mẹ́mọ́rì bráósà, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, títí olùdáhùn yóò fi tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Bí ó bá ṣèèṣì ti ojú ìwé náà pa, tàbí tí ẹnì kan pè é lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lugbe, àwọn ọmọ 32 dáhùn ìbéèrè mẹ́rin-mẹ́rin, mo sì fi ojú ara mi rí i tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé "a ti gbà á". Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ibi tí àwọn fáìlì wà, ìdáhùn kìíní ti gbogbo wọn pé, ṣùgbọ́n ọmọ 11 péré ni ìdáhùn kẹrin wọn wà níbẹ̀. Ohun tí "a ti gbà á" yẹn túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ ti gbà á lẹ́nu ọmọ. Kò túmọ̀ sí pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dúró de fáìlì ní òdìkejì, ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Àwọn tó ta sọ́fítíwíà náà fún mi sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ni ó jẹ̀bi. Mo gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dára, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ sójú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kìíní tí mo máa ń bi olùtajà ni pé: nígbà wo gan-an ni ẹ máa ń sọ fún olùdáhùn pé ó ti parí?

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń da iṣẹ́ rú. Nígbà tí olùdáhùn bá ṣí líǹkì, bráósà yóò béèrè bóyá kí ó jẹ́ kí ojú ìwé náà lo kámẹ́rà àti gbohùngbohùn. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà yóò tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, bráósà kò sì ní béèrè mọ́ títí tí a óò fi wọ ibi ètò rẹ̀ lọ yí i padà. Nínú ènìyàn 60, ẹ múra sílẹ̀ fún irú wọn tí kò ní dín ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù tí ń fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Ti fóònù tó ti kún náà wà níbẹ̀: Tecno tàbí itel tí àwòrán ìgbéyàwó àti fídíò WhatsApp ti gba gbogbo ààyè inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé ìdáhùn yín sí.

Èyí tó wù mí jù láti bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ aago. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí ni wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́. Ìbéèrè yóò yọ sójú fóònù, ẹ̀rọ yóò fún ènìyàn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti ronú, aago yóò wá máa kà sẹ́yìn bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó ti olùkọ́bìnrin kan ní Karu nígbà tí ó ń dán ọ̀kan nínú wọn wò fún mi. Ó fi fóònù rẹ̀ ti ìgò omi lórí tábìlì, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó tẹ bọ́tìnnì pupa. Aago ìṣẹ́jú 2 bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn lókè. Ó ní, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?" Ó yíjú wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan yóò dá a lóhùn. Ó wá tẹrí ba díẹ̀ lórí àga níbi tó wà, ó sì dá mi lójú pé kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o, àwọn ará ilé ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ni ó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kíláàsì tó ń kọ́, àti ọdún tó ti lò níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ojú sókè wo aago, ìṣẹ́jú àáyá 38 ló kù. Ó sáré sọ gbólóhùn méjì, ẹ̀rọ sì já ẹ̀kẹta gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni tó bá wo ìdáhùn yẹn láìmọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, nígbà tó jẹ́ pé aago ni ó jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ ihò kámẹ́rà. Àwọn Hausa tí yóò wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín náà yóò sọ "ina kwana" àti "ina gajiya" kí wọ́n tó kan ohun tí ẹ béèrè. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè kan síwájú èyí àkọ́kọ́, tí kò ní aago rárá, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kí wa, ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti ń ṣe TP, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì láti gbọ́ ohùn yín padà." Iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí ń bá yín ṣe. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn kíni tán kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ń fi hàn án bóyá gbohùngbohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù: gbogbo orúkọ ti wọ inú fáìlì kan ṣoṣo, èyí tí ẹ lè yà sọ́tọ̀ tàbí kí ẹ pa rẹ́, tí àwọn ìdáhùn yòókù yóò sì wà láìsí orúkọ nínú wọn. Nípa aago fúnra rẹ̀, ẹ pa á fún ìwádìí, kí ẹ kàn sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin ti tó. Ẹ sì gbà kí wọ́n tún ìdáhùn ká lẹ́ẹ̀kan, bí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ẹ bá gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìwé kíkà ni ẹ ó máa gbọ́. Àwọn kan yóò kọ ìdáhùn sórí pépà, ẹ ó sì máa rí ojú wọn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìlà.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kò sí níbẹ̀ láti sọ pé "ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé". Ẹ má ṣe kọ ìbéèrè bíi, "Báwo ni ẹ ṣe rí TP, ìrànlọ́wọ́ wo ni ẹ rí gbà, kí ni ẹ sì rò pé ó yẹ kí á yí padà?" nítorí pé èyí tó kẹ́yìn ni wọn yóò dáhùn, tí wọ́n á sì gbàgbé méjì yòókù. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Ẹ rántí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ẹ̀kọ́ yín kò lọ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìgbà tí ẹ wọ kíláàsì." Ẹ ó rí i pé ènìyàn tí a ní kí ó ròyìn ọjọ́ kan máa ń gbàgbé pé kámẹ́rà wà níwájú òun. Ẹ fi ohùn ara yín ká ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má fi í mọ sí kíkọ nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù fi èdè tó bá rọrùn fún un dáhùn. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, wọn yóò rò pé ìdánwò ni, wọn yóò sì fún yín ní ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ìkọ́ni sọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ. Fún irú iṣẹ́ tiyín, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró lójú kan, ọ̀dọ̀ ODK àti KoboToolbox, sọ́fítíwíà méjì tí a fi ń gba ìdáhùn sórí fóònù, ni èmi yóò ti kọ́kọ́ wò. ODK bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ní 2008. KoboToolbox jáde láti ọ̀dọ̀ Harvard Humanitarian Initiative, orí iṣẹ́ ODK náà ni wọ́n sì gbé e lé. Àwọn àjọ tí ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Borno ti ń lo irú rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí rárá. Lóòótọ́, olùwádìí tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí olùdáhùn má gbé áàpù náà sórí fóònù ara rẹ̀, kí ó ya àwòrán àmì QR tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ó sì máa dáhùn. Inú Excel ni ẹ ó ti to ìbéèrè, ẹ sì lè ní òpó kan fún Yorùbá, òmíràn fún Hausa, òmíràn fún Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ so ohùn tí ẹ ká sílẹ̀ mọ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn lè jẹ́ ohùn tàbí fídíò, orí fóònù ni yóò wà títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Bí ẹ bá yan ìwọ̀n ohùn tí wọ́n pè ní "low", wákàtí kan kò gbà ju nǹkan bíi 11 MB lọ. Ẹ tún lè fi kọ́kọ́rọ́ ìpamọ́ tì í, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ náà nìkan ni yóò lè ṣí i. Kí ẹ sì rántí pé bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àwọn tó ṣe é. Ojú rẹ̀ kò dán, ẹ ó sì lo ọjọ́ mélòó kan láti kọ́ ọ. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀sùn tí mo ní sí i.

VideoAsk, tó jẹ́ ti Typeform, ni ojú rẹ̀ wuni jù nínú irú wọn: ẹ ó ká ara yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń béèrè, olùdáhùn yóò sì yan bóyá fídíò, ohùn tàbí ọ̀rọ̀ kíkọ ni òun yóò fi dáhùn. Mo fẹ́ràn pé ó fún ènìyàn láyè láti yan. Ṣùgbọ́n dọ́là ni owó rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí káàdì náírà máa ń fi ojú ẹni rí. Bákan náà ni ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà tí ìdáhùn bá ń lọ. Google Forms lè gba fáìlì, àmọ́ olùdáhùn gbọ́dọ̀ fi àkáǹtì Google wọlé kí ó tó lè fi fáìlì ránṣẹ́, inú Drive yín, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Google, ni yóò sì kó sí, níbi tí ààyè ọ̀fẹ́ kò ju 15 GB lọ, tí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì yín náà ń bá a pín. Àwọn kan yóò ní kí ẹ lo WhatsApp. Kò burú bí ẹ bá fẹ́ fi dán ìbéèrè wò pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ gidi, èmi kò gbà á: nọ́ńbà fóònù ẹni náà ti so mọ́ ìdáhùn rẹ̀, fídíò rẹ̀ yóò sì bọ́ sáàárín àwòrán àwọn ọmọ yín nínú fóònù, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá yá a lọ́wọ́ yín ti lè rí i.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn olùkọ́ tó lo Flipgrid, sọ́fítíwíà tí àwọn ọmọ fi ń ká ìdáhùn wọn ní fídíò, kọ́. Microsoft rà á ní 2018, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Flip ní 2022, nígbà tó sì di 2024 wọ́n dá a dúró gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá wà, wọ́n kó o sínú Teams, sọ́fítíwíà ìpàdé tiwọn. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ. Kí ẹ tó fi ìdáhùn kan ṣoṣo sínú sọ́fítíwíà èyíkéyìí, ẹ wá bọ́tìnnì tí ẹ ó fi kó gbogbo fáìlì yín jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wo ohun tó jáde. Ó yẹ kí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan fi hàn ẹni tó ni ín àti ìbéèrè tó ń dáhùn. Mo ti rí ibi tí fáìlì 300 ti jáde pẹ̀lú orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí olùwádìí sì lo oṣù kan láti máa gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Bí olùtajà bá sì sọ fún yín pé sọ́fítíwíà òun lè wo ojú ènìyàn kí ó sọ bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tàbí ó ń parọ́, ẹ dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. HireVue, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ jù nínú irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kéde ní oṣù Kìíní 2021 pé òun ti ṣíwọ́ fífi ìrísí ojú díwọ̀n àwọn tó ń wá iṣẹ́.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, kan ẹ̀yin náà, ìbáà jẹ́ Abuja, Niger tàbí Nasarawa ni olùdáhùn wà. Ojú àti ohùn tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ jẹ́ dátà ara rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un kí ó tó tẹ bọ́tìnnì: ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹni tí yóò gbọ́ ọ, orílẹ̀-èdè tí sáfà náà wà, ìgbà tí ẹ ó pa á rẹ́, àti bí yóò ṣe fà sẹ́yìn bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà. Fífà sẹ́yìn yìí ni mo rí tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń fi ẹnu lásán ṣe. Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà kan, kí ó lè fi nọ́ńbà náà sọ fún yín pé kí ẹ yọ ìdáhùn òun kúrò láìsí àlàyé. Bí fáìlì bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó lè pa olùdáhùn lára, òfin fún yín ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀ láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí.

Ní tiyín, ewu kan wà tí ẹ lè má tíì rò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àkókò ìsinmi sì ni wọn yóò máa rí dáhùn. Nínú kíláàsì ni wọn yóò jókòó sí, àwọn ọmọ yóò sì máa kọjá lẹ́yìn wọn, ojú wọn yóò hàn kedere nínú fídíò tí òbí wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè fi ara rẹ̀ jẹ́rìí sí irú èyí. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò yọ̀ǹda. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìtọ́ni pé ògiri ni kí ó wà lẹ́yìn wọn, fèrèsé ní iwájú, kí wọ́n má sì dárúkọ ọmọ kankan. Tàbí kí ẹ gba ohùn nìkan, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí. Ní tòótọ́, ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín nìyẹn: ìbéèrè mẹ́rin ní ohùn, àti ìbéèrè kan péré ní fídíò fún ẹni tó bá fẹ́, níbi tí wọn yóò ti fi ohun èlò ìkọ́ni tí wọ́n ṣe fúnra wọn hàn yín. Níbẹ̀, fídíò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ kò bá ní ṣe ìtúpalẹ̀ ohun tí ojú ń rí, kí ni ẹ fẹ́ fi ojú wọn ṣe?

Wákàtí 15 tí ẹ bá gbà, ẹnì kan ni yóò kọ ọ́ jáde. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lórí wákàtí kan, nítorí náà ẹ ka 60 sí 90 wákàtí. Whisper, sọ́fítíwíà tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, tí OpenAI gbé jáde ní 2022, lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín láìfi nǹkan kan ránṣẹ́ síta, mo sì gbà pé kí ẹ lò ó fún ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá àti Hausa wà lára èdè tí ó gbà, Gbagyi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè wa kò sún mọ́ èyí tó ń ṣe lórí Gẹ̀ẹ́sì. Bí olùdáhùn bá da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, bí gbogbo wa ti ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ lè jáde. Ó tilẹ̀ máa ń hùmọ̀ gbólóhùn níbi tí ènìyàn ti dákẹ́ tí fáànù nìkan ń dún. Ẹ má ṣe fi ohun tó kọ sínú ìwé yín láìgbọ́ ohùn náà pẹ̀lú etí ara yín. Bí ẹ bá wá ní fídíò tí ẹ fẹ́ to ọ̀rọ̀ àti ìṣesí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ELAN, sọ́fítíwíà tí ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen ní Netherlands ṣe, dára púpọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní ti àwọn olùyẹ̀wò, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn pé kò yàtọ̀ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ojúkojú, nítorí ó yàtọ̀. Kò sí ìbéèrè tó ń tẹ̀lé ìdáhùn, ìyẹn sì ni ọkàn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ pè é ní ohun tó jẹ́ ní orí kẹta ìwé yín, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí olùbéèrè àti olùdáhùn kò pàdé, tí ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Ẹ wá yan bí ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá nínú àwọn 60, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ní kókó tí kò yanjú, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù láti béèrè èyí tó kù. Kí ẹ sì kọ iye ẹni tí ẹ pè, iye tó bẹ̀rẹ̀, iye tó parí, àti ibi tí àwọn yòókù ti dúró. Bí púpọ̀ nínú àwọn tó dúró bá wà ní agbègbè kan náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó yẹ kí ìwé yín sọ ọ́, kí olùyẹ̀wò má baà jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí i.

Kí ẹ bá mi kí baálé yín. Bí ilé ẹ̀kọ́ wọn bá ti ń lo Moodle, sọ́fítíwíà ìkọ́ni orí íntánẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì tí a fi ń ká ohùn àti fídíò ti wà nínú ibi tí ọmọ ti ń kọ ìdáhùn, kò sí ìdí láti ra òmíràn. Kí wọ́n lo yàrá kan tí kò ní ariwo, ẹ̀rọ bíi márùn-ún àti gbohùngbohùn etí, kí jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀kọ́ má sì wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá náà. Ní ìdánwò, aago lè wà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkíni. Kí olùkọ́ méjì máa gbọ́ ohùn láìwo ojú ọmọ, kí wọ́n tó fi máàkì wọn wéra, nítorí olùkọ́ tó mọ ọmọ a máa gbọ́ ohun tí ọmọ kò sọ. Kí wọ́n gba ìwé ìyọ̀ǹda òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n sì pa fáìlì rẹ́ nígbà tí èsì bá ti jáde tí àkókò ẹ̀hónú sì ti kọjá.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ yá fóònù tó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín kan, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège ní ọ̀nà Kuje, kí ẹ sì dáhùn gbogbo ìbéèrè yín fúnra yín. Ní àárín ìdáhùn kẹta, ẹ pa dátà. Ní ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè yín sórí fóònù náà. Ẹ ti áàpù pa, ẹ tún un ṣí. Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ ka fáìlì tó dé, ẹ gbọ́ wọn dé òpin, kí ẹ wá fi nọ́ńbà yín ní kí wọ́n yọ ìdáhùn yín kúrò, kí ẹ sì wò ó bóyá ó kúrò lóòótọ́. Èyí tó bá yege nínú wọn ni kí ẹ béèrè iye owó rẹ̀.